Àtẹ́lẹsẹ̀

Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ.
Wọn ò sọ ti àtẹ́lẹsẹ̀.
Ta ló ń yí ẹsẹ̀ sókè wò
bí kò ṣe ẹni tí ẹ̀gún gún?

Bàbá mi, Ráúfù aránṣọ Òkè Pópó,
ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi tẹ irin abẹ́ máṣíìnì.
Ìró rẹ̀ la fi ń sùn,
òun náà la fi ń jí.
Àmì dúdú kan wá jókòó sí gìgísẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún,
kò ju bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé lọ.
Ó ní ọ̀dà ni, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí títì Bámgbóṣé.
Ó fi kẹrosíìnì nù ún. Kò lọ.
Ó fi òkúta ha á. Kò lọ.
Ó fi abẹ bẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ kán sára aṣọ oníbàárà,
aṣọ yẹn ló tilẹ̀ dùn ún jù.
Ọdún kan kọjá.
Bọ́tìnì fẹ̀, etí rẹ̀ ò gún mọ́,
bí aṣọ tí ọmọ-iṣẹ́ fi àlùmọ́gàjí tó kú gé.

Ní Ìdí-Àràbà, dókítà Ẹ̀yìnlaǹwò,
ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọjọ́ orí mi lọ,
kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ o,
ó gbé ẹsẹ̀ arúgbó lé itan ara rẹ̀,
ó tan iná sí i
bí ẹni ń ka lẹ́tà tí òjò ti pa.
Kò sọ̀rọ̀.
Ọwọ́ rẹ̀ ń bá ẹsẹ̀ náà lọ sókè,
títí dé ibi tí itan ti pàdé ikùn.
Kókó mẹ́ta. Ó le bí iyeyè àìpọ́n.

"Jẹjẹrẹ awọ ni, bàbá. Irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀.
Kì í rìn. Eré ló ń sá."
Bàbá mi ní, "Ẹsẹ̀ tó jókòó sójú kan láti ọjọ́ yìí,
níbo ló ti kọ́ eré?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gé e, wọ́n fi bírò fa ìlà yí i ká.
Ó wo ìlà náà títí,
ó ní kí wọ́n fi ààyè ojú rírán sílẹ̀.
Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín:
"Ààyè yẹn gan-an la máa gé dànù, bàbá,
kí a má baà fi òwú rẹ̀ kankan sílẹ̀."
Wọ́n bó awọ itan fi lẹ gìgísẹ̀.
Ó ní ẹni tó rán an gbọ́ṣẹ́,
àfi òwú tó nípọn jù.

Oògùn kan wà tí ń jí àwọn ọmọ-ogun ara.
Ìgò kan, owó ilé ọdún méjì.
A ta ilẹ̀ Ìjẹ̀dẹ̀, a ra mẹ́rin.
Nígbà tó kan ìkarùn-ún
a jókòó yí tábìlì ká, kò sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì.
Mo dárúkọ máṣíìnì.
Ó wò mí bí ẹni tó dárúkọ ìyá rẹ̀ fún ọlọ́jà.

Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀.
Ohun dúdú yẹn, funfun ló hàn níbẹ̀:
nínú ẹ̀dọ̀fóró, lẹ́bàá ẹ̀dọ̀,
tó tó tó, bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì sàmì
sí ibi tí a óò gé kù.

Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tẹ̀ ẹ́ báyìí.
Ìró rẹ̀ yí padà, a ti ń sùn sí i.
Alaalẹ́ Sátidé, ó máa pariwo, "Ẹsẹ̀!"
Àwa ọmọ, ọmọ-iṣẹ́, ayálégbé tó bá kọjá,
a óò jókòó sórí àkàsọ̀, a óò na ẹsẹ̀ síta,
òun pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, láàárín ìka, lábẹ́ èékánná.
Tèmi ló máa ń fi kẹ́yìn.
Ó ti rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀,
síbẹ̀ kì í tètè gbé e sílẹ̀.